Ìṣẹ́jú Márùn-ún fún Etí Kọ̀ọ̀kan

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1965, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbé ilé onírin kan sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun nítòsí La Jolla ní California. SEALAB II ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé e sí jìn tó mítà 62. Ẹgbẹ́ amòòkùn mẹ́ta ló gbé inú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ọjọ́ 15. Scott Carpenter, tó ti rin ìrìn àjò lọ sí òfurufú rí, lo ọjọ́ 30 níbẹ̀. Bí a bá ní ká ka ewu tó yí wọn ká, òtútù omi ni a óò kọ́kọ́ dárúkọ, àti òkùnkùn, àti bí omi ṣe ń tẹ ara mọ́lẹ̀. Wọ́n fara da gbogbo ìwọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n etí yọ wọ́n lẹ́nu púpọ̀.

Inú ilé náà rin gbindin. Hílíọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti inú òkun wọlé, inú ọ̀rinrin náà ni yóò wà títí yóò fi tún jáde sínú omi. Etí wọn kò rí àyè gbẹ, àkóràn sì ráyè wọ ihò etí. Irú wàhálà yìí kan náà ló ń dojú kọ àwọn amòòkùn tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ní Òkun Àríwá láàárín Bírítéènì àti Nọ́wè, àwọn tó ń gbé inú yàrá onírin tí ìfúnpá inú rẹ̀ bá ti ìsàlẹ̀ omi dọ́gba fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí wọn kì í jáde àfi sínú omi. Ẹni tí etí rẹ̀ bá bàjẹ́ nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun fẹ́ lọ rí dókítà lọ́la. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín ìfúnpá inú yàrá náà kù, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan kí ara rẹ̀ tó lè padà sínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí.

Ní 1974, Edward Thalmann, dókítà nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, kọ ìlànà kan sílẹ̀ fún dídènà àkóràn ihò etí yìí. Oògùn tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòroó rí, kò sì wọ́n. Àkókò ni agbára ìlànà náà: kí oògùn dúró nínú etí kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń mòòkùn mọ̀ nìyẹn, ì báà máa ṣe é jẹun, ì báà máa fi ṣe ìgbádùn. Ìkánjú ló ń ba etí amòòkùn jẹ́ jù lọ. Ọ̀kan ni ìkánjú kúrò ní etí omi láìtọ́jú etí, èkejì sì ni ìkánjú sọ̀kalẹ̀. Àkọ́kọ́ ń fa àkóràn nínú ihò etí. Èkejì ń ṣe yàrá tó wà lẹ́yìn awọ ìlù etí léṣe, àkóràn sì lè tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ihò etí. Ti àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ ní gígùn. Awọ ìlù etí ló dí ìparí rẹ̀, nítorí náà ibi tí omi gbà wọlé náà ló gbọ́dọ̀ gbà jáde. Ihò yìí kò tọ́ gbọnrangandan. Ó tẹ̀ díẹ̀, omi sì lè há síbi tó ti tẹ̀. Awọ tó bo inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, pàápàá ní apá ọ̀hún níbi tó ti lẹ̀ mọ́ eegun. Ohun tó ń dáàbò bò ó ni ìdọ̀tí etí, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń kà sí ẹ̀gbin. Ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí awọ mu omi. Ó tún kan díẹ̀, bakitéríà kì í sì í gbèrú níbi tó bá kan.

Bí omi bá ń wọlé lemọ́lemọ́ tí kò sì ráyè gbẹ, ìdọ̀tí etí yóò ṣàn dànù. Awọ yóò mu omi, yóò wú, yóò sì máa bó. Ìkan rẹ̀ náà yóò lọ. Nígbà náà ni Pseudomonas aeruginosa, bakitéríà tó fẹ́ràn ibi tó rin, yóò máa pọ̀ sí i. Òun àti Staphylococcus aureus ló sábà máa ń fa àkóràn ihò etí. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibì kan. Inú omi àti ara èèyàn ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, ọ̀rinrin tó pẹ́ ló sì fún wọn láǹfààní. Ìdí rèé tí ẹni tó lúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fi lè lọ kó bọ̀ láìsí ewu, tí ẹni tó ń mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan nínú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sì lè gbé etí tó ń ṣọyún wá sílé.

Nítorí náà, ìdènà ti bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ fi ìdọ̀tí etí yín sílẹ̀. Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lára láti máa ki ìyẹ́ adìyẹ, igi ìṣáná, ìdérí bírò, kọ́kọ́rọ́ tàbí igi olówùú bọ etí, pàápàá bí wọ́n bá ń múra ìrìn àjò. Bí ó ṣe ń dùn mọ́ni yẹn, awọ inú etí ń ha lọ ni. Ojú ibi tó ha náà, bó ti wù kó kéré tó, bakitéríà lè gba ibẹ̀ wọlé. Igi olówùú tún máa ń ti ìdọ̀tí sẹ́yìn títí yóò fi dí ihò náà, omi yóò sì há sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá ti dí yín létí lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá yín yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn àjò, kí awọ ibẹ̀ lè ní ìsinmi kí omi tó kàn án.

Ìlànà àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà rèé. Ásíìdì tó wà nínú fínígà náà ni wọ́n ń lò, ní ìwọ̀n ìdá 2 nínú 100, tí a pò mọ́ aluminium acetate, èyí tó ń mú kí awọ tó ti wú sún kì. Amòòkùn yóò tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn yóò rọra da oògùn sínú etí tó wà lókè títí yóò fi kún. Orí kò ní yẹ̀ kúrò bẹ́ẹ̀ títí ìṣẹ́jú márùn-ún yóò fi pé. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, oògùn ti àkọ́kọ́ yóò ṣàn jáde, wọn yóò sì ṣe etí kejì bákan náà. Àràárọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, alaalẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì tún ń ṣe é bí wọ́n bá ti inú omi jáde. Ìwé ìlànà ìmòòkùn wọn pàṣẹ pé aago ni kí wọ́n fi ka ìṣẹ́jú márùn-ún náà. Ó ní bí oògùn kò bá pé bẹ́ẹ̀ nínú etí, àǹfààní rẹ̀ yóò dín kù gan-an.

Àṣẹ náà ní ìdí. Ásíìdì tí kò le yìí kì í pa bakitéríà ní ìṣẹ́jú àáyá. Ó ní láti bá wọn gbé fún ìgbà díẹ̀, kó dé gbogbo kọ̀rọ̀ ihò etí, kó sì dá ìkan padà sára awọ tí omi ti fọ̀. Ẹni tó kán an sí i tó gbọn orí nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ti da oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó sì ń wojú ọ̀run pé ó jọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ti pé, ó ṣeé ṣe kó má tíì dé ìdajì rẹ̀.

Ẹni tó ń fi sìlíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn nígbà ìsinmi, bóyá ní Òkun Pupa ní Íjíbítì tàbí ní etíkun Florida, kò nílò gbogbo ohun tí ẹni tó ń sun inú yàrá onírin nílò. Ó lè ṣe èyí tó rọrùn. Bí ẹ bá jáde nínú omi, ẹ fi omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀ ṣan etí yín. Omi inú ìgò tí ẹ lè mu tó. Ẹ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ di etí mú, ẹ rọra fà á sókè àti sẹ́yìn kí ihò rẹ̀ lè tọ́, kí omi sì ṣàn jáde. Ẹ ṣe èkejì. Ẹ fi aṣọ ìnura nu ìta etí nìkan, ẹ má ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ inú. Bí ẹ bá dé ibùgbé yín, ẹ lè lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Ẹ yí i sí ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò sì le, ẹ mú un jìnnà sí etí dáadáa, ẹ sì máa mì í síwá sẹ́yìn kó má baà jó yín.

Lẹ́yìn èyí ni oògùn ìkán-sétí kàn. Àwọn oníṣòwò oògùn ń ta èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn òmùwẹ̀. Ọ̀pọ̀ amòòkùn ló sì ń po fínígà funfun àti isopropyl alcohol ní ìdajì-ìdajì. Ọtí náà ń mú kí omi tètè gbẹ, fínígà ń dá ìkan padà. Ẹ má ṣe fi sípírítì tí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn rọ́pò rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan wà tó ju gbogbo ìyókù lọ: ẹni tí awọ ìlù etí rẹ̀ bá ti lu, tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún létí, tàbí tí etí ti ń dùn tàbí tó ń ṣọyún lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ kán irú oògùn yìí sétí láìjẹ́ pé dókítà ti wo inú etí náà. Bí ó bá gba inú awọ tó lu kọjá, ó lè ba ohun tí a fi ń gbọ́ràn jẹ́ títí láé.

Ní ti ohun èlò, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ fìlà ìmòòkùn yín lẹ́yìn ìlò, kó sì gbẹ kí ẹ tó tún dé e. Ẹ yẹra fún omi tí ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn sí, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ má sì ṣe fi ohun ìdíhò etí lásán mòòkùn. Afẹ́fẹ́ yóò há sáàárín òun àti awọ ìlù etí, omi yóò sì lè tì í wọ inú ihò náà débi tí yóò fi ṣèpalára.

Ìyẹn ni ti ihò etí. Lẹ́yìn awọ ìlù etí, yàrá kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan so ó mọ́ ẹ̀yìn imú, orúkọ Bartolomeo Eustachi, oníṣègùn ará Ítálì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ni a fi ń pe ọ̀nà náà. Pípadé ló sábà máa ń wà. Bí a bá gbé itọ́ mì tàbí tí a yán, yóò ṣí fún ìgbà díẹ̀. Ní mítà 10, ìfúnpá tó wà lára wa ti di ìlọ́po méjì èyí tó wà lójú omi. Bí afẹ́fẹ́ tuntun kò bá gba ọ̀nà yẹn wọlé, èyí tó wà nínú yàrá náà yóò sún kì di ìdajì, awọ ìlù etí yóò sì máa wọnú. Láti mítà 10 dé 20, ìfúnpá fi ìdajì lé sí i. Láti 20 dé 30, ó fi ìdá mẹ́ta lé. Nítorí náà, ibi tí etí ti ń rí ìyọnu jù ni mítà díẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tí ojú ọjọ́ ṣì ti ń mọ́lẹ̀ sínú omi, tí ọkàn èèyàn sì ti balẹ̀ jù.

Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, yàrá náà yóò máa fa omi ara àti ẹ̀jẹ̀ jáde láti ara awọ tó bò ó. Omi ara tó há síbẹ̀ lè di ibùgbé bakitéríà. Bí awọ ìlù etí bá sì lu, omi òkun pẹ̀lú ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò wọlé tààrà. Bí omi náà bá tutù, òòyì lè kọ́ni lábẹ́ omi, èyí tó lè pa èèyàn.

Ẹ̀sọ̀ ni oògùn rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò lójú omi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún etí ní afẹ́fẹ́, kí ẹ sì máa ṣe é ṣáá bí ẹ ti ń lọ sílẹ̀, kó tó di pé ó ń dùn yín. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ di okùn ìdákọ̀ró mú kí ẹ lè dúró nígbà tó bá yẹ. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni kí wọ́n fi ìka fún imú pa, kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n sì rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú. Antonio Valsalva, dókítà ará Ítálì, ló ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí etí èèyàn ní 1704. Ohun tó tilẹ̀ rò pé ó wúlò fún nígbà náà ni títi ọyún jáde láti inú etí. Ọ̀nà mìíràn ni kí a fún imú pa kí a sì gbé itọ́ mì, èyí tí a fi orúkọ Joseph Toynbee, ará Gẹ̀ẹ́sì, pè. Èyí tó bá wù kí ẹ yàn, ẹ má fagbára ṣe é. Bí ẹ bá ti pẹ́ jù, ìfúnpá ti pa ọ̀nà tóóró náà dé, bí ilẹ̀kùn tí ẹnìkan fẹ̀yìn tì láti ìta. Bí ẹ bá ń tì í tipátipá, ẹ lè ṣe inú etí lọ́hùn-ún léṣe. Ẹ gòkè díẹ̀ títí ìrora yóò fi lọ, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí kò bá ṣí, ìmòòkùn ọjọ́ náà ti parí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe kò gbọ́dọ̀ mòòkùn, torí pé ọ̀nà tóóró náà ti wú. Àwọn kan máa ń lo oògùn tó ń la imú kí wọ́n lè wọ omi. Ewu rẹ̀ ni pé agbára oògùn náà lè tán nígbà tí wọ́n wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá wá ń gòkè, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ̀ sí i nínú etí kò ní rí ọ̀nà jáde. Owó ọkọ̀ tí a ti san ló sábà máa ń mú èèyàn ṣe irú èyí, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ṣeé tún rí.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ àkóràn tó ń ṣe yín? Ẹ rọra fa etí yín, tàbí kí ẹ tẹ ọmọ ẹran kékeré tó wà níwájú ihò etí. Bí ìyẹn bá dùn yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ihò etí ló ní àkóràn, pàápàá bó bá ti kọ́kọ́ ń yún yín. Bí ìrora bá wà nínú lọ́hùn-ún, tí fífa etí kò mú un le sí i, tí etí sì dí lẹ́yìn ìmòòkùn tàbí ọ̀fìnkìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ yàrá ẹ̀yìn awọ ìlù etí. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ kúrò nínú omi, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má da àdí, omi ewé tàbí àṣẹ́kù oògùn ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Oògùn tó ń wo ihò etí yàtọ̀ sí èyí tó ń wo yàrá ẹ̀yìn awọ ìlù, dókítà sì ní láti fi iná wo inú rẹ̀ kó tó mọ èyí tó tọ́. Ẹ má padà sínú omi títí yóò fi sọ pé etí ti san. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ yára ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí àkóràn ihò etí lè wọ eegun orí lára rẹ̀. Bí ibà bá dé, tí ẹ̀yìn etí wú, tí òòyì ń kọ́ni, tí etí kò gbọ́ràn mọ́ tàbí tí ojú wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ìmọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní sìlíńdà. Ní ọ̀sà Èkó, àwọn ọkùnrin kan ń sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi lójoojúmọ́ láìsí ohun èlò ìmí kankan, tí wọ́n ń fi korobá bu yanrìn sínú ọkọ̀ ojú omi. Yanrìn náà ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, nínú omi tí ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn sí, gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ nípa etí sì kàn wọ́n. Nítorí pé awọ ìlù etí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lè ti lu láìmọ̀, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn ìkán-sétí. Kí wọ́n máa fi ẹ̀sọ̀ lọ sílẹ̀, kí wọ́n má wọ omi bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe wọ́n, kí wọ́n jẹ́ kí etí gbẹ, kí ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣọyún sì dúró lórí ilẹ̀ títí dókítà yóò fi rí i. Ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ máa dé èbúté wọn láti wo etí wọn. Ilé tí a ń gbé ni wọ́n ń bá wa kọ́.

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lára ló máa ń rò pé òun lè fo ìṣẹ́jú márùn-ún yìí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi kò lè fò ó, torí pé àṣẹ ni, ẹnìkan sì ń wo aago. Amòòkùn tó lọ ṣe ìgbádùn kò ní ọ̀gá ológun lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo olùkọ́ ìmòòkùn àti gbogbo ẹni tó ń kó èèyàn lọ sójú òkun kọ ìtọ́jú etí mọ́ ètò ọjọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ oúnjẹ ọ̀sán mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún etí méjèèjì kí ọkọ̀ tó ṣí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ ni yóò lè mòòkùn lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta, láìsí ìrora.